Kíka Ilé ní Ìdó-Ìṣáwùrù

Nínú pílánì tí awọnlẹ̀ tẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n pe ibẹ̀,
láti ẹ̀gbẹ́ títì Ẹ̀pẹ́ dé etí ọ̀sà,
nọ́ńbà mẹ́rin, ìlà pupa, ó parí.
Èmi ni mo ru òpó kọnkéré.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lójúmọ́, owó oúnjẹ wà nínú rẹ̀.

Àdá mi kọ́kọ́ kan àpáàdì.
Lẹ́yìn náà, ìkarahun,
ìkarahun lórí ìkarahun, ó ga dé orúnkún,
funfun bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.
Awọnlẹ̀ ní omi ló kó wọn wá.
Omi kì í se ìṣáwùrù kó tó da èèpo rẹ̀ nù.
Omi kì í ṣẹ́ ẹ nídìí kó lè fi ẹnu fà á.
Mi ò dá a lóhùn.

Mo mọ ibi tí mo dúró sí.
Sáfúrátù, ìyá àgbà mi,
ti kà á sí mi létí títí ó fi sú mi:
“Bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọdán. Kọjú sómi.
Ilé àkọ́kọ́, ti Ọnàfowókàn ni,
tó ń fi ahọ́n ka ojú àwọ̀n
nítorí pé ẹ̀gún òbòkún ti ba ìka rẹ̀ jẹ́.
Èkejì, ti Efúnlékè.
Ó yá iyọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa, kò san,
ṣùgbọ́n bí ẹja rẹ̀ bá ń gbẹ lórí ààrò,
òórùn rẹ̀ á jí wa, a ó gbàgbé gbèsè.
Ẹ̀kẹta…”
Níbẹ̀ ló máa ń dákẹ́ díẹ̀.
“Ẹ̀kẹta ni ilé wa. Àbúrò mi wà lábẹ́ pèrègún.
Kò tíì hu eyín nígbà tí ilẹ̀ gbóná.”

Ilẹ̀ gbóná. Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ènìyàn mẹ́tàdínlógún.
Àwọn tó kù tú òpó ilé sínú ọkọ̀,
wọ́n kó ìgèrè,
wọ́n gbé ewúrẹ́ kan tó ń ké títí dé àárín ọ̀sà,
wọ́n tukọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́
níbi tí wọ́n ti pè wọ́n ní àlejò fún ogójì ọdún.
Bàbá rẹ̀ jókòó sí ìdí ọkọ̀. Kò fọwọ́ kan àjẹ̀.
Ó ń wo ọdán títí ó fi dàbí ọ̀pá,
títí ó fi dàbí irun ìpéǹpéjú kan,
tí ó sì wọ inú ojú rẹ̀ lọ.

Mi ò rí pèrègún.
Mo wá a, mo ń díbọ́n bí ẹni tó fẹ́ tọ̀.
Ṣùgbọ́n ọdán wà níbẹ̀,
gan-an lójú ìlà pupa.
Awọnlẹ̀ na ìka sí i, ó wo aago.
Mo lè sọ pé…
Kí ni mo lè sọ?
Ẹ̀rọ ìrẹ́gi ké, ọwọ́ mi ló dì í mú,
ẹ̀gà tú jáde lókè bí ìgbà tí àgbàdo dànù.
Igi náà ò tètè ṣubú. Ó kọ́kọ́ rò ó.

Nírọ̀lẹ́, ó ń ṣa edé lẹ́nu ọ̀nà.
Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.
Ó di apá ẹ̀wù mi mú kó lè fi dìde,
ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.
Oje ọdán ti gbẹ síbẹ̀.
Ó fi àtàǹpàkò rà á. Ó gbé e sí imú.
Mo ń retí èébú.
Ó tún jókòó. Ó ṣan ọwọ́ nínú omi edé.
Ó ní kí n súnmọ́ ọn, kí n gbọ́,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé,
ṣùgbọ́n lálẹ́ òní,
ó bẹ̀rẹ̀ láti etí omi.